Ìṣáná Ìbọn Gígùn

Ẹ̀yin náà ti fura pé Garth Lindquist ni yóò fẹ́ Corinne. Garth nìkan ni kò fura: òjìji ara rẹ̀ ló ń wò nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà, kó tó rí ọmọbìnrin tó ń tún ìbọn ṣe lẹ́yìn káúńtà, tí epo wà níka rẹ̀, tí irun rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná.

Ọdún tí ìṣáná ìdí ọta, irin kékeré tó ń tanná ran ẹ̀tù, wọ́n ní gbogbo Áídáhò ní Amẹ́ríkà ni. Ti ìbọn ìléwọ́ ti tán. Ti ìbọn gígùn nìkan ló kù.

“Bákan náà ni wọ́n tóbi,” ni Garth wí. “Mà á fi rọ́pò nínú ọta ìbọn ìléwọ́ mi.”

“Ìwé wo ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ọmọ iṣẹ́ ló ń ka ìwé.”

Corinne rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, awọ irin ìṣáná tìyẹn le. Ìwọ sì ti fi sípíríǹgì tó rọ̀ síbọn ẹ torí kó lè rọrùn ún fà. Òòlù ìbọn ẹ á kàn máa kanlẹ̀kùn ni, kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn.”

Oṣù méjì ni wọ́n fi jọ rìn létí odò. Nígbà tó di ọjọ́ ìdíje ìbọn yínyìn, lójú Verl, bàbá Corinne, ìbọn Garth ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́.

“Ẹni tọ́ta ẹ̀ ò dún ò lè fẹ́ ọmọ mi,” ni Verl wí. “Yin ọta ogójì lójú mi. Bí ọ̀kan bá kọ̀, máa lọ.”

“Olólùfẹ́, jẹ́ n dá sípíríǹgì àtijọ́ padà,” ni Corinne bẹ̀ ẹ́.

“Rárá. Sùúrù ni mà á fi ṣe é.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń fọwọ́ tẹ ìṣáná wọ ìdí ọta, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè jókòó dáadáa. Ó rù. Ó kọjá níwájú gíláàsì, kò wojú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ogójì dún. Verl ṣí fìlà. Garth kúnlẹ̀ sáàárín èèpo ọta.

“Corinne, ọwọ́ tó ṣe èyí kò ní já ẹ kulẹ̀ láé.”

“Dìde jàre, èèpo yẹn gbóná. Mo gbà.”

Níbi ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ìtàn sùúrù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìyàwó pàtẹ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ogójì ọta, nígbà tí Garth gbé ìbọn náà wá fún nínù, Corinne ti dá sípíríǹgì líle àtijọ́ padà sínú rẹ̀, láìsọ fún un.