Iná Tí Kì Í Jóni

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Àkíbù, dígí dúdú ló wà lójú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ń tan iná pupa sí i lórúnkún.

Mo lọgun. "Ẹ gbà mí! Ṣé wọ́n fẹ́ sun bàbá yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò gbóná, ìyá. Bí oòrùn àárọ̀ ló ṣe rí."

Hikmat, ọmọ tó ń tọ́jú wa, ní kí n kọ́kọ́ fọ òrí tí mo fi pa orúnkún tó ń dùn mí kúrò. Ó wá tan iná sí tèmi náà. Àrà Ọlọ́run! Ìmọ́lẹ̀ lásán! Orin bọ́ lẹ́nu mi:

"Iná ò jó mi o, iná ò jó mi,
Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ìrora ń jáde lọ."

Àkíbù gbè é. Ó bèèrè oríkì mi.

"Àtọ́kẹ́."

Láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá Afeez ọmọ mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ Àkíbù wọ̀ mí lára.

Nígbà tó ní òun máa fẹ́ mi, Afeez gbà. Àmọ́ Àlàájà Muslimat, ẹ̀gbọ́n Àkíbù ní Bẹẹrẹ, rí i pé orí ìdúró ni mo ti kí òun.

"Ìyàwó tí ò lè kúnlẹ̀ kí ará ilé ọkọ? Kò sí yìgì níbẹ̀ o!"

Mo sunkún délé ní Ìdí Arère. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Hikmat fi iná kún iná.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń ṣe eré ìdárayá tí mo kọ́ yín pé kẹ́ ẹ máa ṣe nílé?"

Ojú tì mí. Mo rò pé iná ti ń ṣe gbogbo ẹ̀!

"Ìrora niná ń bá yín dín kù. Ẹ̀yin lẹ máa fún ẹsẹ̀ yín lágbára."

Ni Àkíbù bá ń gbé fìlà tó ń rán wá sílé mi láràárọ̀. "Gbé ẹsẹ̀ sókè, Àtọ́kẹ́ mi. Má tíì gbé e kalẹ̀ o." Orin la fi ń ka iye ìgbà tí mo gbé e. Oṣù mẹ́ta gbáko, jókòó, dìde, jókòó, dìde.

Ọjọ́ tá a tún padà lọ bá Àlàájà, agbo ilé kún. Mo di àga mú, mo gbé orúnkún ọ̀tún kalẹ̀ sórí ìrọ̀rí, òsì tẹ̀ lé e. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ mo wà nílẹ̀!

"Ẹ kú ilé o, Àlàájà."

Omi lé ròrò sójú Àlàájà. Ó fẹ́ dìde wá fà mí sókè, orúnkún tiẹ̀ náà ké kà! Ó jókòó padà.

"Ìyàwó wa," ó rọra wí, "níbo niná tí Àkíbù sọ yẹn wà?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé mi dìde ná."