Àdán Kọ́ Ló Ba Máńgòrò Jẹ́

Ilẹ̀ mọ́, bàbá ọlọ́gbà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà lọ wo àwọ̀n tí wọ́n ta sórí igi máńgòrò. Àdán mọ́kànlá ló há sí i. Gbogbo wọn ti kú.

"Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ," káfíńtà ní. "Ó ti rí ìṣe tiwa báyìí!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ló gbin igi máńgòrò méjèèjìlá inú ọgbà náà, ọdún tó kọjá ni bàbá sì sin ìyàwó náà. Èso wọn ń jẹrà, igi ń gbẹ láti orí. Ó rò pé àdán ló fà á, ó sì ti búra pé àwọn igi náà ò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ fi èso tó jẹrà sílẹ̀ nídìí igi kí àdán lè máa wá kó sí àwọ̀n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ọmọbìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, wọ inú ọgbà. Ó gé máńgòrò kan sí méjì.

"Bàbá, ẹ fi ojú eyín àdán hàn mí níbí."

Bàbá wò ó títí. "N ò rí i."

"Èyí tó pọ́n ni àdán ń jẹ. Èyí ò tíì pọ́n tí àmì dúdú fi bò ó. Ìran olú kan ló ń fà á, ojú ò lè rí i."

"Olú tí à ń sè jẹ?" káfíńtà bèèrè.

"Ìyẹn là ń jẹ, sà. Èyí ló ń jẹ wá. Irúgbìn rẹ̀ dà bí eruku, kò lóǹkà. Òjò á ta á sórí igi. Èso tó jẹrà tẹ́ ẹ kó sílẹ̀ fún àdán yìí, olú lẹ fi ń bọ́."

"Àdán wá ńkọ́?" bàbá bèèrè.

"Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lọ́dún, ó sì ń fún un lọ́mú. Òun ló ń gbé irúgbìn igi kiri. Wọ́n ti ń tán lọ."

Bàbá nawọ́ sí àwọ̀n.

"Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, àdán lè ní àrùn!"

Ọmọbìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó tú àdán kan. Ọmọ kékeré kan ṣì so mọ́ ọmú rẹ̀. Òun náà ti kú.

Káfíńtà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Igi mélòó la lè gbà là?" bàbá bèèrè.

"Márùn-ún, bàbá. Àwọn yòókù, àfi gígé."

"Ẹ bá mi gbé àáké wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló gé méjèèje.

Ẹ̀yin ọlọ́gbà, bí èso bá ń jẹrà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó dẹ àwọ̀n. Ẹ ṣa èyí tó bàjẹ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí igi. Ẹ gé ẹ̀ka tó kú, ẹ fọ àdá yín. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kí ẹ tó fín oògùn. Olú ń bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àdán ń bí ẹyọ kan. Èyí tí a bá ṣì pa, ẹ̀bẹ̀ kì í jí i.