Ẹsẹ̀ Lórí Àpò

Eku náà fò kọjá lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ba ẹ̀gbọ́n Ata-wẹẹrẹ níwájú orí, gbàù! Kì í ṣe eku ilé o. Eku kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí kò ní wáyà, tí ìyá wọn sọ ní Aláìnírù lọ́jọ́ tó rà á wálé.

"Orí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ lo ju nǹkan mọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó sì fọ́ ọ létí. Ata-wẹẹrẹ kò sunkún. Apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gé jẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àwọn méjèèjì ti wà nílẹ̀ láàárín aṣọ oníbàárà, wọ́n ń lu ara wọn bíi bàrà.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nìyẹn, Ata-wẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ ọ wò ni yóò sọ bó ṣe ta tó.

Ọdún kẹrin rèé tí kíbọọ̀dù àti eku aláìníwáyà yìí ti ń bá wọn gbé. Ìyá wọn, tó jẹ́ aránṣọ, ló rà wọ́n nígbà tó rí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń lu bọ́tìnnì ara kọ̀ǹpútà alágbèéká tó fi òógùn ojú rà. "Èyí ni kí ẹ máa lù," ló wí. Wọ́n sì lù ú lóòótọ́. Lẹ́tà A, E àti N ti pa rẹ́ lórí kíbọọ̀dù náà, kútẹ́ẹ̀sì pupa ni wọ́n fi kọ wọ́n padà. Swíìṣì abẹ́ rẹ̀ ti kán láti ọdún kejì, nítorí náà kò ṣeé pa, àfi kí èèyàn yọ bátìrì rẹ̀. Ní ti ike kékeré bí èékánná tí wọ́n kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ rí. Ojú wọn ti mọ́ ọn débi pé wọn kò rí i mọ́.

Bátìrì ló dá ìjà òwúrọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, aago ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti dúró, òun ló sì ra bátìrì tó wà nínú kíbọọ̀dù.

"Wọ́n ní bọ́tìnnì ara kọ̀ǹpútà nìkan ni kí ẹ lò níbi ìdánwò," ni ó ti kọ́kọ́ sọ. "Kí lo wá fẹ́ fi bátìrì mi ṣe?"

"Mi ò ní í yọ ọ́. Kó wà bẹ́ẹ̀!" Ibẹ̀ ni eku ti fò.

Ìyá wọn sáré wọlé, ó fi igi ìdiwọ̀n aṣọ lu àwọn méjèèjì lẹ́yìn títí wọ́n fi tú ká. "Lónìí! Lónìí tí wọ́n fẹ́ wá ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n á fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ata-wẹẹrẹ, yọ bátìrì fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Mo ti gbọ́, mà." Ẹnu lásán ni. Bí ìyá ṣe kọjú sẹ́yìn báyìí, ó ki kíbọọ̀dù tòun ti bátìrì sínú àpò rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà, ó sì jáde lọ. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí bátìrì náà jẹrà ju kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i lò lọ.

Àádọ́rùn-ún ọmọ ló wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àyè kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ni ìjókòó rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alábòójútó ní kí gbogbo àpò wà lábẹ́ àga. Àga náà ga, ẹsẹ̀ Ata-wẹẹrẹ kò kanlẹ̀, ló bá gbé ẹsẹ̀ lé àpò rẹ̀ bí ẹni gbé e lé àpótí.

Àròkọ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ. Ó ń dùn ún kọ. Ó ti kọ ojú ìwé kan àbọ̀ nígbà tí ìlà kan ṣàdédé pa rẹ́. Ó tún un kọ. Lẹ́tà n bẹ̀rẹ̀ sí í tò gbọọrọ kọjá lójú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan n. Bí àyà ṣe ń já a ló ń fi ẹsẹ̀ ki àpò mọ́lẹ̀ sí i. Ìlà ń pa rẹ́, ìpínrọ̀ ń pa rẹ́, títí ojú kọ̀ǹpútà fi funfun báláú.

"Hẹ̀-hẹ̀!" Ẹlẹ́rìn-ín ló rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì ń bọ̀ láti abẹ́ tábìlì.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ohun tó sọ sí Ata-wẹẹrẹ lọ́kàn nìyẹn. Atúnkọ̀ǹpútàṣe dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ran ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá yọnu lọ́wọ́. Ọmọ yìí kò pè é. Ó gbá Ẹlẹ́rìn-ín létí, ọmọ náà ṣubú tòun ti àga. Ó fò lé e, ó dì í nírun mú, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. "Ìwọ lo pa iṣẹ́ mi rẹ́!" Ẹlẹ́rìn-ín ha á lójú kí ó lè bọ́. Ata-wẹẹrẹ gbé àga onírin sókè, ó sì là á mọ́ ọn. Apá ọ̀tún ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbà á. Egungun náà ró pà, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ bo ilẹ̀.

Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà rọ́ wọlé, ó fi apá méjèèjì wé Ata-wẹẹrẹ mọ́ àyà. Ìgbà náà ni atúnkọ̀ǹpútàṣe rí i pé kọ̀ǹpútà Ata-wẹẹrẹ tún ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá ọlọ́dẹ, ẹ gbé bàtà yín kúrò lórí àpò yẹn." Lẹ́tà dúró. "Ẹ tún un tẹ̀." Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣí àpò, ó fa kíbọọ̀dù yọ. Lẹ́yìn náà ó yọ ike kékeré náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbé e sókè. "Ẹsẹ̀ rẹ lo fi ń pa iṣẹ́ rẹ rẹ́, ọmọ yìí. Èèyàn ò ṣe ọ́."

Ata-wẹẹrẹ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo Ẹlẹ́rìn-ín nílẹ̀.

Wọ́n fagi lé orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò náà mọ́ láé. Àgọ́ ọlọ́pàá ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé Ẹlẹ́rìn-ín lọ sílé ìwòsàn láì parí ìdánwò tirẹ̀, wọ́n fi irin to apá rẹ̀. Ọmọ mìíràn ló gba àyè náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ mú un lọ tọrọ àforíjì. Ata-wẹẹrẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Jọ̀ọ́, dákun. Mo rò pé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ̀rín tó o rín..."

"Bí ẹ̀rù bá bà mí ni mo máa ń rẹ́rìn-ín," ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn. Kò wojú rẹ̀. "Ta ló yẹ kí ó mọ̀ bí kò ṣe ìwọ? Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá mi tí mo ń rẹ́rìn-ín, ìwọ lo sọ fún wọn kí wọ́n má nà mí. Ọwọ́ ni mo fẹ́ nà sókè, kí n bá ẹ pe atúnkọ̀ǹpútàṣe. Ọwọ́ náà lo ṣẹ́ yìí."

Ìyá Ata-wẹẹrẹ yí ojú sí ògiri, ó ń sunkún. Lójú ọ̀nà ilé, ó ní: "Ọmọ mi, ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ká ní o fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní bátìrì rẹ̀, ká ní o béèrè kí o tó lu ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ni ì bá wọlé, tàbí Ẹlẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: inú fùfù kì í wádìí ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé àforíjì lè tu ọkàn lára, kò lè to egungun. Apá Ẹlẹ́rìn-ín ti ń san díẹ̀díẹ̀. Ó ti ní òun dárí jì í. Ṣùgbọ́n bí Ata-wẹẹrẹ bá ti jókòó tì í báyìí, Ẹlẹ́rìn-ín á rọra fa àga tirẹ̀ sẹ́yìn.