Bátìrì Tó Tètè Kún

Inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú apẹja náà. Kò rì. Òùngbẹ àti òtútù ló pa á. Ìkùukùu ló bo ojú omi fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa ká kúrò, ọkọ̀ ti wọ agbami lọ réré, imú rẹ̀ kọjú síbi tí kò sílẹ̀ kankan. Àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà bó yánnayànna. Ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí agbára fi tán, ibi tó ń lọ ni kì í ṣe ilé.

Ẹ̀rọ awẹ́ja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ apá, tó ń fi ẹja hàn nísàlẹ̀ omi, tó sì ń tọ́ni sọ́nà ilé. Ojú rẹ̀ ṣú. Bátìrì rẹ̀ ló kú.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n mú Oníbátìrì, ẹni tó ń bá gbogbo apẹja ṣáàjì bátìrì. Bí ọlọ́pàá ò bá tètè dé, àwọn ọ̀dọ́ etí omi ì bá ti lù ú pa. Ẹ̀wọ̀n ló kù tó ń dúró dè é.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Obìnrin kékeré ni, ṣùgbọ́n adìẹ wo ló máa gbé abẹ́rẹ́ mì?

"Ṣé o ṣáàjì ẹ̀ kún?"

"Ó kún, Ọ̀gá! Mo fọmọ mi búra. Kódà, ó tètè kún lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N ò tíì jẹun tán."

"Inú ẹ wá dùn?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá. Mo kàn yọ ọ́ ni, mo so òmíràn mọ́ wáyà."

"Bátìrì tó bá ṣàdédé ń tètè kún, ikùn ẹ̀ ló ti kéré. Iṣẹ́ ẹ ni láti mọ̀yẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Yéè! Mo mọ̀ ọ́n." Ó bú sẹ́kún.

"Ta ló gbé e wá?"

"Ìyàwó ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gbé bátìrì náà sórí tábìlì. Fasilíìnì tuntun wà lórí rẹ̀, bí olóògbé ṣe máa ń fi pa á kí omi iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ó fi èékánná họ ọ́. Lábẹ́ fasilíìnì, ìpẹtà funfun ti jẹ orí bátìrì wọnú. Hẹn! Ọkùnrin tó ń tọ́jú bátìrì bí ẹyin ló máa fi fasilíìnì bo ìpẹtà? Bátìrì mìíràn ni, tó ti pẹ́ nílẹ̀ lófìfo, tẹ́nì kan wá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọn fún gbígbé náà tuntun. Wọ́n lọ́ kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì kí wọ́n tó fà á le.

Ó ní kí Oníbátìrì so okùn kan. Èyí tó so, ewúrẹ́ gan-an á tú u.

Nílé olóògbé, ojú ìyàwó rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó máa ń gbé e sí ni mo ti gbé e. Àbí èmi ni mo pa ọkọ mi ni?"

"Ṣé ẹ máa ń jà?"

"Ta ni kì í bá ọkọ ẹ̀ jà?"

"Bá mi so okùn yìí."

Ó so ó bí okùn bàtà ọmọ iléèwé.

Bàbá olóògbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìka rẹ̀ lọ́ okùn lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì, ó fà á le. Ó wu Abẹ́rẹ́ kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Bátìrì tó dáa ńkọ́?"

Ọwọ́ arúgbó náà dúró. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà."

"Ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ ẹ̀."

"Èmi ni. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Èyí tó ti wà lófìfo láti èṣín ni mo so okùn mọ́, mo fi fasilíìnì pa á lórí. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ kú lójú omi."

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé? Kí lọmọ yín ṣe fún yín, Bàbá?"

"Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́!" Ó fi ọwọ́ kan lu àyà. "Èmi tí mo kọ́ ọ ní omi! Àwọ̀ omi, òórùn ẹ̀, bí ìgbì ṣe ń lu ìdí ọkọ̀ tílẹ̀ bá ti súnmọ́. Látọjọ́ tẹ́rọ yẹn ti wọlé, ó ń gba iwájú mi kọjá bí ẹni tó ń gba iwájú àga. Mo ní kẹ́rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó lo ohun tí mo kọ́ ọ, kó wálé wá sọ pé, Bàbá, ẹ ṣeun." Ó gbójú sókè. "Ìkùukùu ò lè dí i lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ilé ló ń bọ̀ tágbára fi tán, àbí?"

Irọ́ kan ì bá tu arúgbó náà nínú. Abẹ́rẹ́ wá a títí, kò rí i pa.

"Rárá, Bàbá. Agbami ló ń wa ọkọ̀ lọ."

Àwọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ arúgbó náà.

Wọ́n máa tú Oníbátìrì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n máa mú arúgbó lọ. Ta ni mímú arúgbó máa ṣe láǹfààní? Ìyàwó olóògbé ti dúró lẹ́yìn wọn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo.

"Bàbá," ló wí, "ẹ̀yin ni mò ń bá sunkún láti ọjọ́ yìí. Ta ni kí n wá lọ bá báyìí?"

Arúgbó náà ò lè wojú rẹ̀.