Ọ̀gá, Ẹ Gbé E Sókè!

Ìyàwó ọ̀gá awakọ̀ bàlúù ti wọlé láàárọ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti lọ kàwé nílùú òkèèrè, fọ́tò orí fóònù nìkan ni ọkọ fi ń rí i. Ní báyìí tí bàlúù kù díẹ̀ kó gbéra, ohùn rẹ̀ ló ń dún lórí fóònù.

"Olówó orí mi, ìrọ̀rí mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Ṣé ẹ kì í sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni?"

"Mò ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́ ni."

Igbákejì ọ̀gá, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń wa bàlúù, bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí ohùn rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọkàn yín ti délé ṣáájú wa."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣó o rántí àdéhùn wa? Bá a bá fẹ́ bà, tí ọ̀kan nínú wa bá ní ká gbé e sókè, à ń gbé e sókè nìyẹn. Tá a bá délẹ̀ ká tó jà."

Nígbà tí wọ́n dé òkè ìlú wọn, kùrukùru ti bo gbogbo ibẹ̀ bí ẹni da òwú lé e. Ọ̀gá ń sọ̀ kalẹ̀. Ibì kan wà lófurufú tí awakọ̀ kì í sọ̀ kọjá bí kò bá tíì rí iná pápá tí bàlúù ń bà sí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rò pé kùrukùru yìí pọ̀ díẹ̀, sà?"

"Á là." Kùrukùru ló ń wò, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ló ń rí.

Jẹ́jẹ́ tún wo ìsàlẹ̀.

"Ọ̀gá, a ti dé ibi tá a máa sọ̀ dé. A ò rí iná. Ẹ gbé e sókè!"

Ohùn náà kún yàrá kékeré náà bámúbámú. Inú ọ̀gá ní díẹ̀ ló kù, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é. Imú bàlúù kọjú sókè. Kùrukùru là fìrí nísàlẹ̀ wọn: òrùlé ilé onílé ni wọ́n rí, kì í ṣe pápá.

Ìlú kejì ni wọ́n bà sí.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá, mo jágbe mọ́ yín. Nílé wa, ta ní í pàṣẹ fún bàbá?"

"Máa jágbe, mo bẹ̀ ọ́. Èyí tó o kọ́kọ́ rọra sọ yẹn, ẹ̀gbẹ́ etí mi ló gbà kọjá. Ohun tó o rí àti ohun tó o fẹ́ kí n ṣe, là á mọ́lẹ̀. 'Ẹ' tó o fi sí i ò dí nǹkan lọ́wọ́."

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ó di ọ̀la."

"Mo ti wọ aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn."

"Ròyìn rẹ̀ fún mi." Ọkùnrin náà dijú, ó ń gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, nínú bàlúù, nínú mọ́tò tàbí nílé ìwòsàn, ìbọ̀wọ̀ fágbà ò ní kẹ́ ẹ panu mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí ewu, ẹ sọ ọ́ ketekete, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ fún wọn láyè láti sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ ṣe é ná, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n léèrè. Ẹni tọ́kàn yín ń fà sí nílé, ẹ jẹ́ kó dúró di ọ̀la, kẹ́ ẹ lè dé.