Ọwọ́ Tó Wà Léjìká

Ọjọ́ tí Kúnbi kọ́kọ́ rí Bọ̀wálé, ẹkún ló ń sun. Kì í ṣe ẹkún ìfẹ́ o. Ìyá rẹ̀ ló kú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò sì sí fọ́tò gidi kan tí wọ́n lè fi ṣe pósítà ìsìnkú. Obìnrin tó mú ọmọ rẹ̀ lọ ya fọ́tò láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ọjọ́ tó gboyè, kò rántí ya tirẹ̀.

Fọ́tò ìgbéyàwó ìbátan wọn kan ni Kúnbi gbé wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Bọ̀wálé ní Ketu. Ìyá rẹ̀ dúró ní ìparí ìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ bàbá Kúnbi sì wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ bá mi gé Mummy jáde. Ẹ yọ gbogbo àwọn tó kù."

Bọ̀wálé gbé àga fún un, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi sùúrù pa àwọn èèyàn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọwọ́ náà, ó dúró.

"Aunty, ṣé kí n yọ eléyìí náà?"

Kúnbi wo ọwọ́ náà títí. "Rárá. Ọwọ́ Daddy mi ni. Ẹ fi sílẹ̀."

"Ṣé Daddy ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà. Ẹ ṣáà fi sílẹ̀ fún mi, please."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe lẹ pósítà náà mọ́ géètì ilé wọn ní Ìṣẹ̀rì Olówóra, àwọn ẹbí tó wá láti Òdógbolú figbe ta. Ta ló gbé ọwọ́ alààyè lé òkú léjìká? Ṣé wọ́n fẹ́ kí ọkọ tẹ̀ lé ìyàwó lọ ni? Wọ́n fa gbogbo rẹ̀ ya. Ojú bàbá Kúnbi pọ́n, ó ń béèrè ẹni tó ṣe irú èyí. Kúnbi tẹjú mọ́lẹ̀. Bọ̀wálé tó kó pósítà yòókù wá ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, sir. Mistake mi ni."

Ó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ọmọbìnrin tí kò tíì mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kúnbi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ di ìpè orí fóònù, ìpè di pé kí Bọ̀wálé máa dúró dè é ní Ìkòsí tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Mende. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, kò sí bó ṣe lè sùn láì gbọ́ "Adúmáradán mi, ó dàárọ̀" lẹ́nu rẹ̀.

Àmọ́ nígbà tó dárúkọ rẹ̀ nílé, bàbá rẹ̀ gbé gíláàsì omi kalẹ̀.

"Ẹni tó bá wù ẹ́ ni kó o mú wá, màá gbà á. Àfi ẹni tó fẹ́ fi pósítà sin mí láàyè."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí Kúnbi sọ. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ sọ ọ́, ojú pípọ́n ọjọ́ náà á dé sí i lọ́kàn, á sì gbé e mì. Ìtìjú ara rẹ̀ ń jẹ ẹ́. Bọ̀wálé ò fi agbára mú un, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún un.

"Ìfẹ́ mi, mi ò ní tú ẹ fó. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Àmọ́ mi ò lè máa dúró lẹ́yìn géètì yín títí ayé."

Ní oṣù Kẹfà, bàbá rẹ̀ fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Kúnbi dá a lábàá pé kí àwọn lọ lo ìparí ọ̀sẹ̀ kan ní Òdógbolú, kí wọ́n ya fọ́tò ọjọ́ ìbí lábẹ́ igi obì tí bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀ jọ gbìn sí oko, kí Bọ̀wálé sì wá yà á. Ìpinnu rẹ̀ ni pé lábẹ́ igi yẹn lòun ti máa jẹ́wọ́. Bàbá náà gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn sí i.

"Kó wá ṣiṣẹ́ ẹ̀, kó máa lọ."

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n gbé Bọ̀wálé ní Ketu. Mile 12 ni òjò ti pàdé wọn, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó rọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday mọ́, ọ̀nà oko ti di odò, iná ò sí, àwọn mẹ́ta jókòó sí pálọ̀ láìwo ojú ara wọn. Báàgì kámẹ́rà wà ní kọ̀rọ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá náà dìde. "Ẹ di ẹrù yín. Ó jọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ò fẹ́ fọ́tò náà."

Bọ̀wálé bẹ̀rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Kúnbi wò ó, ó sì mọ̀ pé tó bá fi lè jáde báyìí, kò ní padà wá mọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Daddy, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ọwọ́ yín tó wà lórí pósítà Mummy. Bọ̀wálé fẹ́ yọ ọ́, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀. Mi ò lè máa wò ó kó pa á rẹ́, sir."

Bàbá náà yíjú sí i.

"O wá jẹ́ kí n máa bínú ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Bàbá náà jókòó padà. Ó fa Bíbélì rẹ̀ jáde nínú àpò, ó sì yọ ìwé kan tó ká sí mẹ́rin nínú rẹ̀. Pósítà náà ni, odindi.

"Mo bó ọ̀kan kí àwọn ẹbí tó débẹ̀," ó ní. "Gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ ìyá ẹ, ọjọ́ ìgbéyàwó inú fọ́tò yẹn nìkan ni mo gbé ọwọ́ lé e léjìká lójú èèyàn. Ojú ló máa ń tì mí. Nígbà tí mo rí i lára géètì, inú mi dùn. Inú mi dùn, òkú ìyàwó mi sì wà ní mọ́ṣúárì! Ìyẹn ló bí mi nínú. Ọmọ yìí ni mo wá gbé ìbínú náà kọ́ lọ́rùn."

Ó kọjú sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò tíì pe orúkọ rẹ̀ rí.

"Bọ̀wálé, kí ló dé tó o parọ́ fún mi?"

"Kúnbi ń sunkún, sir."

Bàbá náà mi orí.

"Gbé kámẹ́rà ẹ."

"Inú ilé ṣókùnkùn, sir. Kò síná."

"Ojú fèrèsé ńkọ́?"

Wọ́n gbé àga sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ òjò tó wọlé ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tutù lójú, ó sì bọ́ sí apá kan ojú bàbá arúgbó náà. Bọ̀wálé ti fẹ́ tẹ kámẹ́rà nígbà tí bàbá náà gbọ́wọ́ sókè.

"Kúnbi, wá dúró tì mí. Gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa fi ṣe pósítà mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọwọ́ náà."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dákẹ́. Wo iwájú. Ọkọ ẹ ń dúró dè ẹ́."

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n ṣègbéyàwó, bàbá rẹ̀ ló sì fà á lé Bọ̀wálé lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Ó tún lo ọdún méjì sí i kó tó sùn tí kò jí.

Kúnbi wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ketu, ó jókòó sórí àga tó jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aunty Súmbọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, ti pè láti Òdógbolú pé kí wọ́n má ṣe irú pósítà tìjọsí o. Kúnbi dáhùn pé òun ti gbọ́. Bọ̀wálé ṣí fọ́tò ọjọ́ òjò náà. Ó pa fèrèsé rẹ́, ó pa ògiri rẹ́, ó pa ojú ìyàwó rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ọwọ́, kò bi í léèrè. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ bàbá wọn sísàlẹ̀.