Àpò Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n bá òkú kápẹ́ńtà kan lẹ́bàá ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ká bíi wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kan ló gbá a, awakọ̀ náà ò sì dúró. Dókítà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́, àti pé ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi wà láàyè níbẹ̀. Àfọ́kù iná iwájú ọkọ̀ nìkan ni Inspẹ́kítọ̀ rí ṣà nílẹ̀.

Ọkọ̀ méjì péré ló ń lo irú iná bẹ́ẹ̀ ládùúgbò náà. Ọ̀kan jẹ́ ti mẹkáníìkì, iná tirẹ̀ ti fọ́, ó sì ti da àfọ́kù rẹ̀ nù. Ìkejì jẹ́ ti Ìyá Nọ́ọ̀sì, àgbàlagbà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, àmọ́ tó ṣì ń gbẹ̀bí nílé. Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ dé ilé mama lọ́jọ́ Ẹtì, kọnkéré tútù ló tẹ́ láti ẹnu géètì dé ẹnu gáréèjì tí ọkọ̀ wà.

"Ọjọ́rú ni wọ́n dà á," ni mama wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbà pé ọkọ̀ mama kò lè kọjá lórí kọnkéré tútù lọ́jọ́ náà, ó sì padà lọ ti mẹkáníìkì mọ́lé.

"Ọ̀gá, iná yẹn ti fọ́ kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀," ni mẹkáníìkì ń tẹnu mọ́. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

"Ọ̀túnla lo máa rí adájọ́," Inspẹ́kítọ̀ fèsì lọ́jọ́ Àìkú. "Kó o lọ pa á lówe fún un."

Ìyàwó mẹkáníìkì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta àgọ́ ọlọ́pàá, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ó ń wo ẹnu gbogbo ẹni tó bá jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, bíríkìlà tó da kọnkéré fún Ìyá Nọ́ọ̀sì wá wọn ilẹ̀ iwájú ilé Inspẹ́kítọ̀ alára. Ìyàwó rẹ̀ ti búra pé bí ẹrẹ̀ bá tún wọ pálọ̀ òun, inú ọkọ̀ ni ẹni tó gbé e wọlé á máa sùn. Bíríkìlà na tépù, ó fi ẹnu ṣírò, ó sì nàró.

"Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, mẹ́rìndínlógún ní fífẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó di ọ̀rìnlénírinwó. Tá a bá dà á nípọn ínṣì mẹ́rin, àpò sìmẹ́ǹtì kan máa kájú mẹ́tàdínlógún nínú ẹ̀. Ẹ ra àpò méjìdínlọ́gbọ̀n, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan lé e torí èyí tó máa dànù. Ọjọ́ méjì la máa fi ṣe é."

"Ọjọ́ méjì kẹ̀? Ẹ ṣáà ṣe ti Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bákan náà ni ilẹ̀ yín àti tiwọn ṣe tóbi. Ṣọ́bìrì la fi ń pò ó, ọ̀gá, a ò ní ẹ̀rọ. Àpò mẹ́rìnlá lagbára wa gbé lóòjọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan la kọ́kọ́ ń dà, ká fi ìkejì sílẹ̀ kí mọ́tò onílé má bàa há. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Inspẹ́kítọ̀ sún mọ́ ọn. "Ọjọ́ wo lẹ da ìkejì ti mama?"

"Ọjọ́bọ̀. Mama ló tiẹ̀ ní ká tètè dé láàárọ̀."

"Ǹjẹ́ wọ́n gbé mọ́tò jáde lọ́jọ́rú?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ra oògùn. A ti lọ jẹun kí wọ́n tó dé."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́?"

"Ta ló bi bíríkìlà?"

Ojú ti Inspẹ́kítọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́, tí kò bi ẹni tó di ṣọ́bìrì mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilé ẹjọ́ tó ṣí, ó ti dé ọgbà Ìyá Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ó wà, Mà. Ẹ wo ilẹ̀ yìí. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Kọnkéré ọwọ́ òsì ṣì tutù nígbà náà, òjò sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lójú. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń dán, torí kò tíì sí níbẹ̀. Àpò méjìdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo ẹ̀ gbà, mẹ́rìnlá péré ni wọ́n pò lọ́jọ́rú. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ yín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gáréèjì."

Mama mú kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣí i. Inspẹ́kítọ̀ ká aṣọ kúrò lórí ọkọ̀, ó fi àfọ́kù inú àpò rẹ̀ wọn iná tó fọ́, ó sì bá a mu rẹ́gí.

"Mo wo dígí ọkọ̀," ni mama wí. "Mo rí i tó ń gbé ọwọ́ sókè."

"Dókítà ní ká ní ẹnì kan so ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, kò ní kú."

"Mo mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń so ó. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi."

"Mẹkáníìkì wá ńkọ́, Mà?"

"Mo rò pé ẹ máa tú u sílẹ̀, torí kì í ṣe òun."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu yín la fi dè é."

Mama bo ojú. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mú mi lọ."

Inspẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. "Máa lọ sílé. Mo ṣì ọ́ mú. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Mẹkáníìkì mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀. "Ta ni, ọ̀gá?"

Inspẹ́kítọ̀ sọ fún un.

Ọkùnrin náà di irin ilẹ̀kùn mú. "Àwọn ló gbẹ̀bí mi," ló wí. "Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ gbé ìyàwó mi lọ bímọ lóṣù tó ń bọ̀."

Ó padà jókòó sórí sìmẹ́ǹtì nínú àtìmọ́lé, ó ń sunkún bí ọmọdé. Níta, ìyàwó rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀.